Kí Ló Dé Tí Kọ̀ǹpútà Fi Ń Falẹ̀?

Kọ̀ǹpútà tó yára bí àṣá lọ́jọ́ tí ẹ rà á, kí ló dé tó fi ń wọ́ bí ìgbín lónìí? Ọ̀pọ̀ ètò tí a fi sórí rẹ̀ ló máa ń jí ní gbàrà tí a bá tàn án, tí wọ́n á sì máa du àyè inú RAM, ìyẹn ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Windows tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà náà ń wúwo sí i: RAM 64 MB ni Windows XP ti ọdún 2001 béèrè, ó kéré tán; Windows 11 ti 2021 béèrè 4 GB, ìlọ́po 64! Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ lọ sí Startup nínú fèrèsé tó bá ṣí, kí ẹ pa ètò tí ẹ kò nílò. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ kí ẹ tó ra tuntun.