“Ó Hàn sí Gómìnà”: Gbólóhùn Kan nínú Ìjà Ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re, 1962



Àwọn òpìtàn ti sọ púpọ̀ lórí ìjà Olóyè Awólọ́wọ̀ àti Olóyè Akíntọ́lá. Èmi olùkọ́ lítíréṣọ̀, gbólóhùn kan péré ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí òun ni ìjà náà wá rọ̀ mọ́.

Ní ìparí ọdún 1959, Awólọ́wọ̀ fi ipò Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀, ó lọ sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó. Akíntọ́lá gba ipò náà ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n Awólọ́wọ̀ ṣì ni olórí ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re. Ta ni kí aṣáájú àwọn aṣòfin máa gbọ́ tirẹ̀: ẹgbẹ́ tó fà á kalẹ̀, tàbí ilé tó jókòó sí? Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1962, ẹgbẹ́ ní kí Akíntọ́lá fipò sílẹ̀, ó kọ̀. Wọ́n fa Alhaji D. S. Adégbénró kalẹ̀ dípò rẹ̀.

Òfin, tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, gbà kí Gómìnà yọ Olórí Ìjọba bí “ó bá hàn sí i” pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aṣòfin kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Níbo ni yóò ti hàn? Òfin dákẹ́. Aṣòfin 66 fọwọ́ sí ìwé sí Gómìnà, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, Ọọ̀ni Ifẹ̀. Ó hàn sí Kábíyèsí nínú ìwé náà. Ní ọjọ́ 21 ó yọ Akíntọ́lá. Akíntọ́lá ní ó di inú ilé aṣòfin, níbi tí a ti ń dìbò, kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó lè hàn.

Ní ọjọ́ 25, ilé pé. Àga fò, ọlọ́pàá yin tajútajú. Ní ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì. Alákòóso tí Èkó yàn ló ṣe ìjọba títí ọdún fi parí. Ní oṣù Keje, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Èkó dá Akíntọ́lá láre. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1963, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù yí ìdájọ́ náà padà: ìwé tó Gómìnà í rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Akíntọ́lá ti padà sípò, ilé aṣòfin sì tún òfin náà ṣe, wọ́n dá ọjọ́ rẹ̀ padà sí ọdún 1960.

Nínú èdè wa, “ó hàn sí mi” yàtọ̀ sí “ó hàn gbangba”. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹnì kan. Ìkejì jẹ́ ti gbogbo ìlú. Ìwé 66 hàn sí ẹnì kan. Ìbò ni ì bá hàn gbangba, a kò sì jẹ́ kí ó wáyé. Ẹgbẹ́ tí kò bá fẹnu kò, kí ìjà tó dé, lórí ibi tí a óò ti ka àwọn ènìyàn rẹ̀, àjèjì ni yóò bá a kà wọ́n.