Ibùba Onílé: Bí Ọdẹ Amẹ́ríkà Ṣe Ń Yan Ibi Tí Yóò Jókòó Sí

(Ìró ìjálá fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, kí ó lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.)

Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá ni wọ́n máa ń ṣí igbó ní ìpínlẹ̀ Texas fún àwọn tó fẹ́ fi ìbọn pa àgbọ̀nrín. Ní òru tó ṣáájú rẹ̀, oorun kì í kun ọdẹ níbẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi tó aago mẹ́rin ìdájí, ọkọ̀ ti ń gbéra ní Houston, ní San Antonio, ní Dallas, wọ́n kọrí sí oko. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọdẹ náà á ti gun àkàsọ̀ wọnú àpótí kan tó dá dúró gogoro létí pápá. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á sì dákẹ́.

Àpótí yẹn ni ètò wa tòní dá lé. Box blind ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún.

Bí ọdẹ ilé wa bá rí i, kò ní béèrè ohun tó wà fún. Bó bá so igi pọ̀ sórí ẹ̀ka, tó gun un lọ jókòó de ẹran, ègùn ló pè é. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ti fi ewé bo ara rẹ̀, ibùba ni. Ti Amẹ́ríkà pa méjèèjì pọ̀: ó ga bí ègùn, ó bo ènìyàn bí ibùba, ó sì tún ní òrùlé, fèrèsé àti àga. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ibùba onílé.

Ẹran tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ ni àgbọ̀nrín onírù-funfun. Kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ilé wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan la fún wọn. Ìwo àgbọ̀nrín tiwa kì í já títí ó fi kú. Ti Amẹ́ríkà, ọdọọdún ni akọ ń ju ìwo rẹ̀ sílẹ̀ nígbà òtútù, tí òmíràn á sì hù. Bí ẹ̀rù bá bà á, á na ìrù sókè, funfun abẹ́ rẹ̀ á hàn gbangba, ohun tí ọdẹ yóò sì rí kẹ́yìn nìyẹn.

Ẹran yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá nígbà kan. Ní nǹkan bí ọdún 1900, kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ tó ṣẹ́ kù ní gbogbo Amẹ́ríkà, nítorí àwọn tó ń pa á tà lọ́jà. Ìjọba ṣòfin, wọ́n dá àsìkò fún ọdẹ. Nígbà tó di ọdún 1937, òfin tí wọ́n ń pè ní Pittman-Robertson sọ pé owó orí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún tó wà lórí ìbọn gígùn àti ọta yóò máa lọ sí ìtọ́jú ẹran ìgbẹ́. Lónìí, àgbọ̀nrín onírù-funfun tó nǹkan bí mílíọ̀nù 30. Ó yẹ kí àwa tí ẹran igbó wa ń dín kù lójoojúmọ́ tẹ́tí sí i dáadáa: owó ọdẹ ló wà lára ohun tó dá ẹran padà sígbó.

(Ìró ẹyẹ òwúrọ̀. Ìró àkàsọ̀ irin.)

Ó dára, kí ni ọdẹ ń wò kó tó ra ibùba onílé, tàbí kó tó kan án?

Ìwọ̀n rẹ̀ ni àkọ́kọ́. Èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 níbùú lóròó gba ẹnì kan. Ẹni tó fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ dání, ẹsẹ̀ bàtà 5 tàbí 6 ló yẹ kó wá. Pákó ni ọ̀pọ̀ fi ń kan tiwọn fúnra wọn. Ó dín owó kù, ṣùgbọ́n òjò àti ikán mọ̀ ọ́n. Àwọn ilé iṣẹ́ ń fi fáíbà tàbí ike líle ṣe é, èyí tí kì í jẹrà, tí kì í sì í jẹ́ kí òórùn ènìyàn jáde tó bí ti pákó. Tafàtafà ń fẹ́ fèrèsé tó gùn lóòró nítorí ọrun tí yóò fà. Oníbọn ń fẹ́ èyí tó lọ ní ìbú.

Ṣùgbọ́n etí ni kí ẹni tó ń rà á kọ́kọ́ lò, kó tó lo ojú. Kó ṣí fèrèsé, kó pa á dé. Kó jókòó lórí àga, kó yí ara padà. Bí ohun kan bá dún kẹ́ẹ́ pẹ́rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, tó bá di aago mẹ́fà àárọ̀ nínú igbó tó pa rọ́rọ́, bí ìró ìlù ni yóò rí létí àgbọ̀nrín. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ rẹ̀. Wọ́n tún ń kun inú rẹ̀ ní dúdú, ọdẹ fúnra rẹ̀ a sì máa wọ aṣọ dúdú nínú rẹ̀, nítorí ẹran tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ kì í rí ohun dúdú tó wà nínú òkùnkùn. Bó bá ṣí fèrèsé iwájú, kó má ṣí tẹ̀yìn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ á gba ẹ̀yìn wọlé, òjìji orí rẹ̀ á sì hàn ketekete.

Ó ní ìdí mìíràn tí àpótí yìí fi wu ọ̀pọ̀ ju àga tí wọ́n ń so mọ́ igi lọ. Jíjábọ́ láti orí igi wà lára ìjàǹbá tó ń ṣe ọdẹ Amẹ́ríkà jù. Àpótí tó ní àkàsọ̀ tó dúró ṣinṣin, tí wọ́n fi wáyà de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ìjì má gbé e ṣubú, gba àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, ó gba ọmọdé. Èyí tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ gba ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ.

Ibi tí wọ́n ń gbé e sí ló kàn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Imú àgbọ̀nrín ni ọ̀tá ọdẹ. Ọdẹ ilé wa a máa bu eruku fẹ́ kó lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Ọdẹ Texas ń tẹ ìyẹ̀fun jáde láti inú ìgò kékeré. Nǹkan kan náà ni wọ́n ń wá. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa fẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹran wá bá ọdẹ. Ní Texas, ìhà gúúsù ni afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń wá, nítorí náà ẹni tó bá gbé àpótí sí àríwá ibi tí ẹran ń jẹ̀ ti ṣe dáadáa. Àfi bí òtútù bá dé! Nígbà náà, afẹ́fẹ́ á yí padà, á máa ti àríwá wá, òórùn ọdẹ á sì lọ bá ẹran kó tó rí i. Òwúrọ̀ òtútù yẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ọdẹ gbà pé àgbọ̀nrín ń rìn jù. Ìdí nìyí tí àwọn ọdẹ tó mọṣẹ́ fi ń ní ibùba méjì, ọ̀kan fún afẹ́fẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Oòrùn náà ń bẹ. Ibùba àárọ̀ kò gbọdọ̀ dojú kọ ìlà oòrùn, ti ìrọ̀lẹ́ kò sì gbọdọ̀ dojú kọ ìwọ̀ rẹ̀. Ojú ọ̀nà tí ọdẹ ń gbà wọlé kò gbọdọ̀ gba ibi tí ẹran sùn sí kọjá. Kí wọ́n sì gbé e síbẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú, kó lè mọ́ ẹran lójú.

(Orin díẹ̀.)

Ẹ fún wa láyè ká sọ ìtàn kan, nítorí kò sí èyí tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ibi tí ọdẹ ń jókòó sí tó o.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1902, Ààrẹ Theodore Roosevelt lọ ṣọdẹ béárì ní Mississippi, nítòsí ibi tó ń jẹ́ Onward. Gómìnà Andrew Longino ló pè é. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí ọdẹ fún un ni Holt Collier, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sínú oko ẹrú, tó di ògbóǹtarìgì ọdẹ, tí wọ́n ní béárì tó pa láyé rẹ̀ lé ní 3,000. Collier mọ igbó yẹn bí ẹní mowó. Ó wo ibi tí ẹran wà, ó wo ọ̀nà tí ajá yóò gbà lé e, ó wá mú Ààrẹ lọ sí ibùba kan. Ó ní kó jókòó síbẹ̀, òun yóò da béárì náà wá bá a.

Ajá wọgbó. Àárọ̀ lọ, ọ̀sán pọ́n. Ìró ajá jìnnà títí wọn kò fi gbọ́ ọ mọ́. Ebi dé. Ààrẹ àti ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ dìde, wọ́n padà sí àgọ́ lọ jẹun.

Ibẹ̀ gan-an ni béárì náà já sí.

Collier dé, kò bá ẹnì kan. Béárì ti kọjú sí àwọn ajá, ó ń pa wọ́n. Collier kò yìnbọn, nítorí ó ti ṣèlérí ẹran náà fún Ààrẹ. Ó fi ìdí ìbọn gbá a lórí, ó ju okùn sí i lọ́rùn, ó so ó mọ́gi, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Roosevelt. Roosevelt dé, ó ní òun kò ní yìnbọn sí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ó ní kí wọ́n pa á kó má jìyà mọ́. Clifford Berryman ya àwòrán ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn Washington Post, Morris Michtom àti ìyàwó rẹ̀ ní Brooklyn rán béárì aláṣọ kékeré, wọ́n sì fi Teddy, ìnagijẹ Ààrẹ, sọ ọ́ lórúkọ. Ibẹ̀ ni tẹ́dì tí àwọn ọmọ wa ń gbé sùn ti wá.

Gbogbo ayé ló mọ apá yẹn. Èyí tí wọn kì í sábà sọ ni pé ibi tí Holt Collier yàn kò ní àṣìṣe kankan. Ọ̀nà ẹran dára, ara ẹni tó jókòó ni kò gbà á. Ìyẹn gan-an ni àga, òrùlé àti àyè oúnjẹ tó wà nínú ibùba onílé wà fún: kí ọdẹ lè wà níbẹ̀ títí di wákàtí tí ẹran yóò jáde. Igbó ọba kan ní Mississippi ń jẹ́ orúkọ Collier lónìí, ó sì tọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí aṣọ ọdẹ. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Georgia ti ṣàlàyé pé ojú àgbọ̀nrín kò lè ya pupa àti àwọ̀ ọsàn sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé, àmọ́ ó ń rí àwọ̀ búlúù kedere. Nítorí náà, ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí ọdẹ ń wọ̀ bó bá ń rìn nínú igbó kí ẹlòmíràn má bàa ṣèèṣì yìnbọn lù ú kò léwu, ṣòkòtò jíìnsì ló yẹ kó fi sílẹ̀ nílé.

Ìkìlọ̀ kan ló kù, fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní Texas. Kí ẹ tó wọnú àpótí tó ti dá wà láti ọdún tó kọjá, ẹ fi igi gígùn ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ sì sún sẹ́yìn. Agbọ́n pupa lè ti kọ́lé síbẹ̀.

(Ìjálá gòkè, ó parí.)