Dírafà LED: Ṣé Kí Ènìyàn Ṣe É Ni, Tàbí Kí Ó Rà Á?



Ní Ọjà'ba, ní Bẹẹrẹ àti ní ẹsẹ̀ òkè Màpó, gílóòbù LED ti gba ipò gílóòbù àtijọ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Kì í jẹ iná púpọ̀, kì í sì í gbóná bí ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá kú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ẹ̀rọ kékeré inú rẹ̀ ni ó bàjẹ́, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní dírafà. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ọ̀dọ́ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ títún rédíò ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe òmíràn, tàbí kí ó ra èyí tí a ti ṣe parí?

Iná ilé ní Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bí 230 fóòtì. Ẹyọ LED funfun kan kò sì fẹ́ ju nǹkan bí 3 lọ. Bí fóòtì bá lé díẹ̀, iná tí ń ṣàn nínú rẹ̀ a lé púpọ̀, a sì jó o. Dírafà ni aṣọ́nà tí kì í jẹ́ kí ìṣàn náà kọjá ìwọ̀n.

Bátìrì ni kí ẹni tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá so ẹyọ LED funfun mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, wọn yóò gba nǹkan bí 9 fóòtì. Nínú bátìrì 12, ó ku 3. Resistor 150 ohm yóò jẹ́ kí 20 mílíámpíà kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn bá ń gba agbára sínú bátìrì náà tí ó sì dé 14, ìṣàn yóò di 33, èyí tí ó pọ̀ jù fún ẹyọ kékeré. Bí ó bá lo 270 ohm, kò ní ju nǹkan bí 19 lọ. Ìmọ́lẹ̀ yóò dín díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò pẹ́.

Iná ilé kì í ṣe ohun eré. Àwọn kan a máa fi capacitor àti resistor díẹ̀ sọ 230 fóòtì di kékeré. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ya á kúrò lára wáyà òpó. Ẹni tí ó fi ọwọ́ kàn án, wáyà òpó ni ó fi ọwọ́ kàn. Bí a bá tilẹ̀ pa iná, capacitor ṣì lè di iná mú. Ní agboolé tí òrùlé kan òrùlé, iná tí ó sọ nínú yàrá kan lè di àjálù gbogbo ẹbí.

Nítorí náà, fún iná ilé, kí a ra dírafà tí ó ní tiransífọ́mà tí ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára iná òpó, tí a sì ti pa ara rẹ̀ dé. Kí olùrà ka ohun tí a kọ sára rẹ̀: mílíámpíà rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ti gílóòbù lọ, fóòtì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ti àpapọ̀ ẹyọ LED mu. Èyí tí ó lè gba 85 títí dé 265 fóòtì yóò fara da iná tí ń lọ sílẹ̀ tí ń fò sókè. Kí a sì pa iná láti orísun kí a tó so ó.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí ọ̀dọ́ fi bátìrì kọ́ ọgbọ́n, kí ó má fi ẹ̀mí ará ilé dán iṣẹ́ wò.