Àlàáfíà: Ọmọ Ilé Ta Ni?



Ẹ óò rántí àríyànjiyàn ìpàdé wa tí ó kọjá. Ẹnìkan dá a lábàá pé kí a yọ “àlàáfíà” kúrò nínú àdúrà tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìpàdé, nítorí pé ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni, àwọn Mùsùlùmí nìkan ni ó sì ni ín. Ẹlòmíràn fi ìbínú dá a lóhùn, ariwo ta, a sì túká láìgba àdúrà ìparí. Bí a bá tilẹ̀ gbà á, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni “àdúrà” pẹ̀lú.

Òótọ́ ni pé inú èdè Lárúbáwá ni àlàáfíà ti ṣẹ̀. “Afiya” ni ọ̀rọ̀ náà gan-an. “Al” ni wọ́n fi ń ṣáájú ohun tí a ti mọ̀. Àwa gbé méjèèjì pọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe sí àlùbọ́sà àti àlùbáríkà. Ìlera ni ó jẹ́ lọ́dọ̀ wọn, àti ààbò Ọlọ́run lọ́wọ́ àìsàn àti ibi. Gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ti rí “afw”, èyí tí í ṣe ìdáríjì. Nítorí náà, nígbà tí a bá pàdé lọ́nà oko tí a ń bèèrè pé, “Ṣé àlàáfíà ni?”, ara líle ni a ń bèèrè, kì í ṣe bóyá ogun wà níbì kan. Ìtumọ̀ àtijọ́ náà kò tíì kúrò lẹ́nu wa.

Ọ̀rọ̀ yìí rìn jìnnà. Àwọn Hausa ń wí pé “lafiya”. Ní èdè Swahili, “afya” ni ìlera. Ará Tọ́kì á kí ẹni tí ń jẹun pé “afiyet olsun”, kí oúnjẹ náà ṣe ara rẹ̀ lóore. Èdè Tọ́kì, Swahili àti tiwa kò bá Lárúbáwá tan. Òwò àti ẹ̀sìn ni ó gbé e kiri. Ní Mòrókò, iná ni wọ́n ń pè ní “afiya” lẹ́nu ojoojúmọ́! Orúkọ rere ni wọ́n fi ń tu ohun ẹ̀rù lójú, bí àwa náà ti ń pe ejò ní okùn lóru.

Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, wọ́n bá “shalom” pàdé nínú èdè Hébérù. “Salam” ni ó bá a tan ní èdè Lárúbáwá. Síbẹ̀ àlàáfíà ni wọ́n kọ, mo sì gbà pé nítorí pé ó ti di ọ̀rọ̀ gbogbo ilé ni.

Ẹ tún wo Kúbà, níbi tí a kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ. Awẹ́ àgbọn mẹ́rin ni àwọn olórìṣà ibẹ̀ fi ń da obì. Bí ojú funfun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣí sókè, “Alafia” ni wọ́n ń pè é. Ìmáàmù kọ́ ni ó kọ́ wọn.

Bí a bá lé e lọ, kí ni a óò fi rọ́pò rẹ̀? Ìlera kò kan ilé, ìfọ̀kànbalẹ̀ kò kan ara. Wàhálà pẹ̀lú gba ọ̀nà Hausa wá láti ọ̀dọ̀ Lárúbáwá. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dá a lábàá pé kí a lé ìyẹn. Mo bẹ ìpàdé yìí kí ó fi àdúrà wa sílẹ̀ bí ó ti wà.

Bàbá tí ó dá àbá náà jókòó níwájú mi yìí. Nígbà tí mo wọlé láàárọ̀, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ kí mi: “Tíṣà, ṣé àlàáfíà ni?” Mo ní, “A dúpẹ́, bàbá.”