Ilẹ̀kùn Tí Oògùn Wárápá Ń Ṣọ́
Kí ni oògùn wárápá bíi phenytoin ń ṣe nínú ọpọlọ? Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ní ilẹ̀kùn tín-ín-tìn-ìn-tín tí sódíọ̀mù, èròjà inú iyọ̀, ń gbà wọlé. Bó bá ti wọlé, sẹ́ẹ̀lì á tan iná, á ránṣẹ́ sí èkejì. Bí wárápá bá dé, iṣẹ́ tí wọ́n ń rán á di àránìdúró.

Ní 1938, àwọn oníwádìí Merritt àti Putnam ní Boston fi hàn pé phenytoin ń kápá wárápá. Ní 1952, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Hodgkin àti Huxley ṣàlàyé ipa sódíọ̀mù nínú iṣan ìmọ̀lára. Lẹ́yìn náà la wá mọ àṣírí phenytoin: ilẹ̀kùn sódíọ̀mù tó ń ṣí léraléra ni oògùn náà ń dì mú jù. Ẹ má dá a lò, ẹ má sì dá a dúró fúnra yín.