Ìpọ́njú àti Ìwà: Ohun tí Ìwádìí Lè Fìdí Rẹ̀ Múlẹ̀

Láàárín àwọn onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, àríyànjiyàn kò tíì tán lórí bóyá ìpọ́njú máa ń tún ìwà ènìyàn ṣe lóòótọ́, tàbí ẹni tó là á já ló kàn gbà pé òun ti yàtọ̀. Richard Tedeschi àti Lawrence Calhoun, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì North Carolina tó wà ní Charlotte, ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀ka ìwádìí. Ohun tí wọ́n ń wádìí ni ìdàgbàsókè lẹ́yìn àgbákò, èyí tí í ṣe àyípadà sí rere tó ń bá ẹni tó bá ohun tó mi ìgbàgbọ́ rẹ̀ nípa ayé jìjàkadì. Wọn kò sọ pé àgbákò fúnra rẹ̀ ló ń tọ́ ènìyàn. Ìjàkadì náà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ tó ń tún ọ̀rọ̀ wọn sọ ló ti gbàgbé èyí.

Ní ọdún 1996, wọ́n gbé ìwé ìbéèrè kan tó ní gbólóhùn 21 jáde. Ẹni tó bá fẹ́ dáhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ rántí irú ẹni tí òun jẹ́ tẹ́lẹ̀, kí ó fi wé ẹni tí òun jẹ́ nísinsìnyí, kí ó sì mọ̀ dájú pé àgbákò náà ló fa ìyàtọ̀ tó rí. Iṣẹ́ yìí ju agbára ìrántí lọ, nítorí Anne Wilson àti Michael Ross ti fi hàn ní 2001 pé ènìyàn a máa bu ẹnu àtẹ́ lu irú ẹni tí òun jẹ́ látijọ́ kí ti òní lè dára lójú rẹ̀.

Patricia Frazier ti Yunifásítì Minnesota àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ náà sórí òṣùwọ̀n nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009. Wọ́n yẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 1,500 wò, wọ́n sì tún yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, nígbà tí 122 nínú wọn ti kàgbákò. Ohun tí àwọn wọ̀nyí sọ pé ó yí padà lára wọn kò fi bẹ́ẹ̀ bá ìyàtọ̀ tí òṣùwọ̀n méjèèjì fi hàn mu. Lóòótọ́, oṣù méjì kéré, ṣùgbọ́n èsì náà wúwo.

Èyí ló mú kí Eranda Jayawickreme àti Laura Blackie dábàá ní 2014 pé kí ìwádìí máa tọ ènìyàn lẹ́yìn fún ìgbà pípẹ́, kí ó sì gbọ́ tẹnu àwọn tó mọ̀ ọ́n, àbá tí kò ní ṣàjèjì sí Yorùbá, tí kì í fi ẹ̀rí ẹnu ẹni nìkan pe ẹnikẹ́ni ní ọmọlúàbí. Àléébù mìíràn tún wà tí kì í sábà hàn síni: nínú ìwé ìbéèrè ti 1996, òdo, tó túmọ̀ sí pé nǹkankan kò yí padà, ni ìdáhùn tó kéré jù lọ, nítorí náà ẹni tí ìpọ́njú sọ di òǹrorò kò ní ibi tí yóò fàmì sí.