Kámẹ́rà Tí Kò Mì: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ayàwòrán Mọ̀ Nípa Gimbal àti Lẹ́ńsì
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ará Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún)

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kan àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń fi fídíò yíyà ṣe iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó kan ẹnikẹ́ni tí ó ń san owó fún wọn pẹ̀lú.

Gbogbo wa ni a ti rí obìnrin tí ó ru omi bọ̀ láti odò. Ara rẹ̀ ń mì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gun òkúta, síbẹ̀ ìkòkò orí rẹ̀ kò yẹ̀, nítorí pé ọrùn rẹ̀ ń tún ohun tí ẹsẹ̀ ń bàjẹ́ ṣe. Iṣẹ́ ọrùn yìí gan-an ni ẹ̀rọ tí àwọn ayàwòrán ń pè ní gimbal ń ṣe fún kámẹ́rà.

Ní ọdún 1976 ni àwọn òǹwòran kọ́kọ́ rí iṣẹ́ Steadicam nínú sinimá, èyí tí Garrett Brown, ará Amẹ́ríkà, ṣe. Ìwọ̀n àti sípíríǹgì ni ó ń lò. Láti nǹkan bí ọdún 2013 ni gimbal tí a ń fi ọwọ́ gbé bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀. Ẹ̀rọ ayíra kékeré mẹ́ta, tí bátìrì ń yí, ni ó ní. Ọ̀kan ń yí kámẹ́rà sọ́tùn-ún sósì. Èkejì ń gbé e sókè sódò. Ẹ̀kẹta ń tọ́ ọ bí ó bá fẹ́ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ọwọ́ bá yẹ̀, gimbal a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, a sì yí kámẹ́rà sí òdì kejì.

Ṣùgbọ́n bí ẹrù ti gbọ́dọ̀ jókòó dáadáa lórí òṣùká, bẹ́ẹ̀ ni kámẹ́rà gbọ́dọ̀ dọ́gba lórí gimbal kí a tó tan án. Lẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìwúwo tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pààrọ̀ lẹ́ńsì gbọ́dọ̀ tún un mú dọ́gba.

Mo wà níbi ìnáwó òkú àgbà kan nígbà tí ayàwòrán bọ́ lẹ́ńsì kúkúrú, tí ó fi èyí tí ó gùn tí ó sì wúwo rọ́pò rẹ̀, tí kò sì tún un mú dọ́gba. Bí àwọn ọmọ olóògbé ti ń jó wọlé ni kámẹ́rà dorí kodò, tí gimbal sì pa ara rẹ̀. Ìwọlé náà kọjá. A kò lè sin òkú lẹ́ẹ̀mejì nítorí ayàwòrán.

Ọ̀nà rẹ̀ nìyí. Ẹ pa gimbal. Ẹ fi bátìrì àti gbogbo ohun tí ẹ óò lò sára kámẹ́rà, kí ẹ sì ṣí ìdérí lẹ́ńsì. Ẹ tì í síwájú tàbí sẹ́yìn títí lẹ́ńsì kò fi ní tẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Ẹ kọjú rẹ̀ sókè, kí ó dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tún ẹ̀gbẹ́ àti ìyípo rẹ̀ ṣe. Ibi tí ẹ bá fi í sí ni kí ó wà. Nígbà náà ni kí ẹ tan án. Bí kámẹ́rà bá ń gbọ̀n bí ẹni tí otútù mú, ẹ dín agbára àwọn ẹ̀rọ náà kù.

Lẹ́ńsì mìíràn a máa yọ síwájú bí a bá fẹ́ fa ohun tí ó jìnnà mọ́ra. Ìwúwo rẹ̀ a sì bá a lọ. Ẹ mú un dọ́gba ní gígùn tí ẹ óò lò, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ń rìn lórí àpáta yíyọ̀ létí omi tí ń já ní Àyìkúnnugbá, lẹ́ńsì tí ó ń rí ibi gbígbòòrò ni kí ẹ lò. Bí kámẹ́rà bá yẹ̀ díẹ̀, lẹ́ńsì 100 mílímítà yóò fi hàn ní ìlọ́po mẹ́rin ti 25. Ẹni tí ó lo èyí tí ó gùn, kí ó dúró lójú kan. Gimbal kò sì lè pa ìfòsókè-fòsódò ẹsẹ̀ rẹ́. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, kí ẹ sì máa fi gìgísẹ̀ kọ́kọ́ tẹlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ó ń pe ayàwòrán, ẹ jẹ́ kí ó tètè dé, ẹ má sì kán an lójú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ó fi ń tún kámẹ́rà rẹ̀ ṣe kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tí kò ní padà wá mọ́.